Ìṣègùn Núkílíà àti X-ray: Ìfiwéra fún Ọmọ Kwara Tó Fẹ́ Ṣiṣẹ́ Ìyàwòrán Inú Ara

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà àti ní Òmù-Àrán ló mọ iṣẹ́ X-ray, nítorí pé ó ṣòro kí a rí ẹbí tí kò tíì mú ẹnìkan lọ ya àwòrán àyà tàbí ti eegun tó kán. Díẹ̀ nínú wọn ló mọ̀ pé iṣẹ́ mìíràn wà tó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, tí òun náà ń lo ìtànṣán láti rí inú ara, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé inú ara aláìsàn gan-an ni wọ́n ń fi ìtànṣán ọ̀hún sí. Ìṣègùn núkílíà ni wọ́n ń pe ẹ̀ka náà. Ẹni tó bá fẹ́ yan ọ̀kan nínú méjèèjì sábà máa ń fi orúkọ yàn án: “núkílíà” a máa dẹ́rù ba àwọn kan, a sì máa wu àwọn mìíràn nítorí pé ó dún bí iṣẹ́ ńlá. N kò rò pé èyíkéyìí nínú ìdí méjèèjì tó ohun tí a lè torí rẹ̀ yan iṣẹ́ tí a ó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe. Ohun tó ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀ ni ibi tí ìtànṣán ti ń wá àti ohun tó lè dá a dúró. Bí ẹ bá ti lóye èyí, gbogbo ìyókù, láti orí ìgbà tí ẹ ó máa jí títí dé ìlú tí ẹ ó máa gbé, yóò tẹ̀ lé e.

Níbo ni ìtànṣán ti ń wá?

Nídìí X-ray, inú túùbù ẹ̀rọ ni ìtànṣán ti ń jáde, iná mànàmáná ló sì ń bí i. Láti ọjọ́ tí Wilhelm Röntgen, ará Jámánì, ti ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1895, ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà kò yí padà: ẹ tẹ bọ́tìnnì, ìtànṣán jáde fún ìgbà tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ó gba ara aláìsàn kọjá, ó sì fi òjìji eegun àti ẹran ara sílẹ̀ lórí àwo tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìgbà náà bá ti pé, ó tán. Kò sí ohun tó ṣẹ́kù nínú yàrá, kò sí ohun tó ṣẹ́kù nínú ara aláìsàn, ẹni tó ya àwòrán sì lè di ọwọ́ baba náà mú kí ó dìde láìsí ìfòyà kankan. CT, ìyẹn ẹ̀rọ X-ray tó ń ya inú ara ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, kò yàtọ̀ ní ti èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé túùbù tirẹ̀ ń yí aláìsàn po, tí ìtànṣán tó ń lò sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nídìí ìṣègùn núkílíà, kámẹ́rà kì í ta ìtànṣán kankan. Ara aláìsàn ló ń ta á. Oníṣẹ́ yóò ti pèsè oògùn kan tí wọ́n so ìwọ̀nba technetium-99m, ìyẹn èròjà tó ń ta ìtànṣán, mọ́, yóò gún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, oògùn náà yóò sì lọ síbi tí wọ́n rán an: oògùn tó ń jẹ́ MDP a lọ sára eegun, èyí tó ń jẹ́ DTPA a lọ sínú kíndìnrín, technetium tí wọn kò so mọ́ nǹkan kan a sì lọ sí kókó ọrùn tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ. Láti ibẹ̀ ni ìtànṣán gámà yóò ti máa jáde, kámẹ́rà gámà, irú èyí tí Hal Anger kọ́kọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà ní òpin àwọn ọdún 1950, yóò sì máa kó o jọ díẹ̀díẹ̀ títí àwòrán yóò fi yọ. Kò sí bọ́tìnnì tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ láti pa á. Bí àkókò ti ń lọ, tí aláìsàn sì ń tọ̀, ni yóò máa dín kù.

Ìdí nìyí tí àwòrán méjèèjì fi ń dáhùn ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. X-ray ń fi bí ẹ̀yà ara ṣe rí hàn, ìṣègùn núkílíà ń fi bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Ẹ jẹ́ kí a mú baba kan láti Àjàṣẹ́-Ìpo tí dókítà ti rí jẹjẹrẹ próséètì lára rẹ̀, tí ẹ̀yìn sì ń dùn. X-ray ẹ̀yìn rẹ̀ lè mọ́ lónìí, nítorí pé eegun sábà máa ń pàdánù ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún èròjà tó mú un le kí ìbàjẹ́ náà tó hàn nínú X-ray. Skáàn eegun ti ìṣègùn núkílíà yóò fi gbogbo eegun rẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan náà, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ibikíbi tí eegun bá sì ti ń làkàkà láti tún ara rẹ̀ ṣe yóò dúdú ju ìyókù lọ. Ṣùgbọ́n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ ohun tó fà á: eegun tó ti kán rí, làkúrègbé àti jẹjẹrẹ lè dúdú bákan náà, a ó sì ní láti padà sọ́dọ̀ X-ray tàbí CT kí a tó lè pinnu. Bẹ́ẹ̀ ni ti gẹ̀gẹ̀. Skáàn tí a mọ̀ sí ti aboyún lè sọ bí kókó inú gẹ̀gẹ̀ ti tóbi tó àti bóyá omi ló wà nínú rẹ̀. Skáàn technetium ni yóò sọ bóyá kókó ọ̀hún ń ṣiṣẹ́ àṣejù tàbí ó kàn jókòó láìṣe nǹkan kan. Nítorí náà, kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀gá èkejì nínú iṣẹ́ méjèèjì. Dókítà tó gbọ́n ń lo méjèèjì pọ̀ ni.

Ohun tí àwọn ìwé kì í tẹnu mọ́ tó ni bí èyí ṣe ń yí ìṣe oníṣẹ́ padà níwájú aláìsàn. Nídìí X-ray, ẹ lè bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ ṣáájú, ẹ sì lè bá a sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí ó ti wù yín kí ó pẹ́ tó. Nídìí núkílíà, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ti tán kí abẹ́rẹ́ tó wọlé: ìkíni, ìbéèrè nípa oyún àti ọmọ tó ń mu ọmú, àlàyé ìdí tí yóò fi mu omi púpọ̀, ọ̀nà ilé ìtọ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀, ìwé tí yóò fọwọ́ sí. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ìgbésẹ̀ ẹyọ kan ní ìtumọ̀: ẹni tó kúrò ní mítà kan tó lọ dúró ní mítà méjì ti dín ìtànṣán tó ń kàn án kù sí bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, Alhaja tí ẹ bá tọ́jú dáadáa yóò fẹ́ di ọwọ́ yín mú, yóò sì ṣàdúrà gígùn fún yín, fún ìyá tó bí yín àti fún ọmọ tí ẹ kò tíì bí. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti kúnlẹ̀ kí i, yóò ti ṣe àmín sí gbogbo àdúrà náà nínú yàrá ìgbàlejò, kó tó di pé ó gbé síríńjì jáde nínú àpò òjé rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò di ẹni tó ń sá fún àgbàlagbà lójú gbogbo ènìyàn, tàbí kí ìtìjú mú un dúró gba ìtànṣán tí kò yẹ kó gbà. Mo ka ọgbọ́n yìí sí pàtàkì ju mímọ bí a ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà kámẹ́rà lọ, nítorí pé a lè kọ́ ènìyàn ní ti kọ̀ǹpútà láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Aago tó ń darí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan

Technetium-99m ń pàdánù ìdajì agbára rẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà. Èyí tí ẹ bá wọ̀n ní aago mẹ́jọ àárọ̀ yóò ku ìdajì ní aago méjì ọ̀sán, yóò sì ku ìdá kan nínú mẹ́rin ní aago mẹ́jọ alẹ́. Kò ṣeé rà pamọ́ fún ọ̀la. Ní kùtùkùtù ni oníṣẹ́ máa ń fà á jáde láti inú ohun tí wọ́n ń pè ní jẹnẹrétọ̀ technetium, ìyẹn àpótí kékeré tó wúwo gan-an nítorí òjé tí wọ́n fi bo inú rẹ̀, tí molybdenum-99, èròjà tó ń yí padà di technetium, sì wà ní àárín. Ẹ ó ki ìgò omi iyọ̀ bọ ẹnu kan lórí àpótí náà, ẹ ó sì ki ìgò òfìfo tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde bọ ẹnu kejì. Ìgò òfìfo náà ni yóò fa omi iyọ̀ gba inú àpótí kọjá, omi náà yóò sì gbé technetium lọ́wọ́ jáde. Ohun tí ẹ ó rí kò ju omi díẹ̀ tó mọ́ gaara lọ. Kò láwọ̀, kò rùn, kò sì sí ohun tí ojú lè fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí omi lásán. Ẹ ó wọn agbára rẹ̀, ẹ ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá molybdenum ti yọ́ wọ inú rẹ̀, ẹ ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú wákàtí àti ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà lẹ ó tó pò ó mọ́ oògùn eegun tàbí ti kíndìnrín. Kí ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó lórí àga, iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ti parí.

Ẹni tí kò fẹ́ràn ìṣirò yóò rí i pé iṣẹ́ yìí ń ni òun lára. Ẹ rò ó wò pé ìyá kan jáde láti Òmù-Àrán ní ìdájí, tó ń lọ sí Ìbàdàn fún skáàn eegun, tí gọ́sìlóò sì dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró láàrin Ogbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́. Bí ẹ bá ti wọn oògùn rẹ̀ sílẹ̀ fún aago mẹ́sàn-án, tó sì dé ní aago méjìlá, nǹkan bí ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù nínú síríńjì. Ẹ ó tún un wọ̀n, ẹ ó pinnu bóyá ó tó, ẹ ó sì rántí pé lẹ́yìn abẹ́rẹ́ yóò tún dúró fún nǹkan bí wákàtí mẹ́ta kí oògùn tó wọ eegun dáadáa kí ẹ tó gbé e sábẹ́ kámẹ́rà. Bí iná bá lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sí ti X-ray: aláìsàn X-ray lè dúró de iná tàbí kó padà wá lọ́la láìpàdánù ohunkóhun, ṣùgbọ́n ẹni tó ti gba technetium ti gba ìtànṣán, bí àwòrán kò bá sì jáde, lásán ló gbà á. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ núkílíà tó mọ ohun tó ń ṣe kì í fún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé ó ti dá iná àfẹ̀yìntì tirẹ̀ lójú.

Molybdenum fúnra rẹ̀ ń dín kù sí ìdajì ní wákàtí 66, nítorí náà àpótí tí bàálù gbé wá ti ń dín lágbára kó tó kúrò ní pápákọ̀ òfurufú. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe é lágbàáyé kò pọ̀. Pelindaba ní South Africa wà lára wọn. Nígbà tí iléeṣẹ́ Kánádà àti ti Netherlands dáwọ́ iṣẹ́ dúró láàrin ọdún 2009 àti 2010, àwọn ilé ìwòsàn káàkiri ayé ló dín iye skáàn tí wọ́n ń ṣe kù. Kò sí irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ nídìí X-ray.

Aago X-ray, ní tirẹ̀, aago ìjàǹbá ni. Ọ̀kadà kì í mú àdéhùn kó tó ṣubú. Rédíógíráfà, ìyẹn oníṣẹ́ X-ray, ní ọsibítù ńlá yóò ṣiṣẹ́ òru, yóò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ọdún Iléyá àti lọ́jọ́ Kérésì, yóò gbé ẹ̀rọ lọ bá ẹni tí kò ṣeé gbé nínú wọ́ọ̀dù, yóò sì máa ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lójúmọ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Oníṣẹ́ núkílíà sábà máa ń fi àdéhùn ṣiṣẹ́, ní ọ̀sán, pẹ̀lú ènìyàn díẹ̀ tó ń lo wákàtí púpọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ewu, láìbù ú, láìfi kún un

Ìlànà àgbáyé kan náà ló de iṣẹ́ méjèèjì: òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbà ju 20 millisievert (òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìtànṣán tó wọ ara) lọ́dún bí a bá pín èyí tó gbà ní ọdún márùn-ún dọ́gba, kò sì gbọ́dọ̀ ju 50 lọ ní ọdún kan ṣoṣo. Ti ará ìlú jẹ́ 1. Ní Nàìjíríà, àjọ NNRA tó ń ṣọ́ ìlò ìtànṣán, tí òfin ọdún 1995 dá sílẹ̀ tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2001, ló ń fún ilé iṣẹ́ tó ń lo ìtànṣán ní àṣẹ. Báàjì tó ń ka ìtànṣán ni oníṣẹ́ méjèèjì ń fi sí àyà; oníṣẹ́ núkílíà tún ń fi òrùka kan sí ìka, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ló sún mọ́ oògùn jù.

Òótọ́ ni pé ohun tí báàjì oníṣẹ́ núkílíà ń kà sábà máa ń ju ti oníṣẹ́ X-ray tó ń dúró lẹ́yìn ògiri lọ, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń tẹ̀ lé ìlànà, kì í sún mọ́ òpin tí òfin là sílẹ̀. Ẹ̀wù òjé tí ẹ mọ̀ nídìí X-ray kò wúlò tó bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, torí pé apá tó jọjú nínú ìtànṣán technetium ṣì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Àpò síríńjì, ìyára ọwọ́ àti jíjìnnà ni ààbò tòótọ́. Ewu kan tún wà tí X-ray kò ní rárá: oògùn lè dà sílẹ̀, ó lè ta sí bàtà, ó sì lè bá ọwọ́ dé ẹnu. Nítorí náà ni a kì í jẹun, tí a kì í mu omi nínú yàrá oògùn. Obìnrin tó bá lóyún ní ẹ̀ka méjèèjì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní kíákíá kí wọ́n lè yí iṣẹ́ rẹ̀ padà.

Ní ti aláìsàn, àwọn ènìyàn sábà máa ń rò pé núkílíà ló ń fúnni ní ìtànṣán jù. Skáàn eegun kan jẹ́ nǹkan bí 4 millisievert. CT ikùn lè tó 8 sí 10. X-ray àyà kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá millisievert kan lọ. Ohun tí ilẹ̀, afẹ́fẹ́, oúnjẹ àti òfurufú ń fún ènìyàn lọ́dún, bí a bá pín in dọ́gba káàkiri ayé, jẹ́ bíi 2 sí 3 millisievert.

Ibi tó gba ìṣọ́ra jù ni ìtọ́jú pẹ̀lú iodine-131, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí kókó ọrùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àṣejù tàbí tó ní jẹjẹrẹ níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ni òun fi ń dín sí ìdajì, kì í ṣe wákàtí mẹ́fà. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀, wọ́n á dá aláìsàn dúró sí yàrá ọ̀tọ̀. Bó bá sì padà sílé, kò gbọ́dọ̀ bá ọmọdé tàbí aboyún sùn pọ̀ fún iye ọjọ́ tí wọ́n bá sọ fún un, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú sì gbọ́dọ̀ ti dáwọ́ dúró ṣáájú. Ẹ wá wo agboolé kan ní Ọjà-Ọba, níbi tí ọmọ-ọmọ mẹ́rin ń bá ìyá àgbà sùn lórí ẹní kan náà. Ìwé ìlànà tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ kò lè yanjú ìyẹn. Ẹni tó lè jókòó, kó bi í léèrè ẹni tó ń sùn sí yàrá wo, kó sì bá ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣètò ibi tí àwọn ọmọ náà yóò sùn, ló lè yanjú rẹ̀. Mo gbàgbọ́ pé ọmọ Kwara tó bá wọ iṣẹ́ yìí yóò wúlò gan-an fún ìdí kan ṣoṣo yìí.

Ẹ̀kọ́ àti ìwé àṣẹ

Ẹnu ọ̀nà kan náà ni méjèèjì ń gbà wọlé ní Nàìjíríà. Ẹ ó kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ Radiography fún ọdún márùn-ún ní yunifásítì, irú bíi University of Nigeria ní Enugu, University of Lagos, Bayero ní Kano tàbí University of Maiduguri. Físíìsì, kẹ́mísìrì, bàọ́lọ́jì àti Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi ṣe JAMB. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọdún kan ti internship, àti ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àjọ RRBN tó ń fún rédíógíráfà ní àṣẹ, tí òfin ọdún 1987 dá sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣe èyí tán lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ X-ray lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó fẹ́ núkílíà yóò tún fi ẹ̀kọ́ kún un, yálà pẹ̀lú oyè gíga, tàbí ìkọ́ṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè tí IAEA, àjọ àgbáyé fún agbára núkílíà, máa ń ràn lọ́wọ́, tàbí ẹ̀kọ́ àtòkèèrèkọ́ tí àjọ náà ṣètò fún àwọn tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà.

Ní South Africa àti Amẹ́ríkà, ènìyàn lè kẹ́kọ̀ọ́ núkílíà láti ìbẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró. Ẹni tó ń wo òkè òkun gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìwé àṣẹ X-ray kò sọ ọ́ di oníṣẹ́ núkílíà níbẹ̀.

Ibi iṣẹ́, owó àti ilé

Ní ti owó oṣù ìjọba, ìyàtọ̀ kò pọ̀, nítorí pé orí CONHESS, àtẹ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ni rédíógíráfà wà, ẹ̀ka yòówù kó wà. Ibi iṣẹ́ ni ìyàtọ̀ ńlá wà. Ẹ̀rọ X-ray wà ní UITH, ọsibítù Yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè-Òyì, ó wà láwọn ọsibítù ìjọba ìpínlẹ̀, ó sì wà láwọn ilé ìwòsàn aládàáni káàkiri ìgboro Ìlọrin. Àwọn ibi tí ìṣègùn núkílíà ti fìdí múlẹ̀ jù ní Nàìjíríà ni ọsibítù UCH ní Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, àti National Hospital ní Àbújá. Ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti dàgbà, tí òun nìkan sì wà nílé pẹ̀lú wọn ní Ọ̀fà tàbí ní Òró, gbọ́dọ̀ gbé èyí yẹ̀ wò kó tó wo ohun mìíràn.

Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kẹta wà tí mo rò pé ó dára ju méjèèjì lọ: kí ó kọ́ X-ray, kí ó sì wá kọ́ ultrasound, ìyẹn skáàn tí a mọ̀ sí ti aboyún, dáadáa. Ẹ̀rọ rẹ̀ kéré, kò ní ìtànṣán, ó sì ṣeé fi dá ilé iṣẹ́ ara ẹni sílẹ̀ nílùú ẹni.

Ẹni tí mo máa gbà níyànjú láti yan núkílíà ni ẹni tó fẹ́ràn kẹ́mísìrì àti ìṣirò bákan náà, tí kì í kánjú, tó lè ṣe ohun kan náà láràárọ̀ láìfo ìgbésẹ̀ kankan nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó, tó sì ṣetán láti kúrò nílé. Ẹni tí ariwo àti ìkánjú ń fún lágbára, tó fẹ́ rí èso iṣẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó dúró ti X-ray àti CT. Bí ọkàn yín kò bá tíì dúró sí ibì kan, ẹ fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta ṣiṣẹ́ CT kí ẹ tó yà sí núkílíà, nítorí pé àwọn kámẹ́rà gámà tuntun máa ń ní CT lára, ẹni tó sì mọ méjèèjì kì í pẹ́ ríṣẹ́.

Kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù kankan, ẹ kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka náà ní Ìbàdàn, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ẹ wá wo iṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ béèrè ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ wọn ń dé, ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́sẹ̀ tí kò bá dé, ẹni tó ń ka báàjì wọn àti bí èsì rẹ̀ ṣe ń tètè tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ tó. Ilé iṣẹ́ tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí kedere, yálà núkílíà ni tàbí X-ray, ẹ má ṣe gba iṣẹ́ níbẹ̀.